Fíùsì 13 Kọ́ Ni Gbogbo Pulọ́ọ̀gì Ń Fẹ́

Ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba tí ẹ ń ra ẹ̀rọ géèmù ayé àtijọ́ sílé, àwọn onípákó gàgàrà tó ń gba owó ẹyọ, irú èyí tí a fi ń ta Pac-Man àti Space Invaders, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú pulọ́ọ̀gì rẹ̀ wò kí ẹ tó kì í bọ iná. Fíùsì ámpì 13 aláwọ̀ búráùn lẹ máa sábà bá níbẹ̀, torí òun ló wà nítòsí lọ́jọ́ tí wọ́n ń wá èyí tí wọ́n máa fi sí i.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ẹ̀rọ ni fíùsì yẹn ń dáàbò bò. Rárá o. Wáyà tó ti pulọ́ọ̀gì lọ sínú ẹ̀rọ ló ń ṣọ́. Bíréékà tó ń ṣọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì nílé Ìlú Ọba sábà máa ń jẹ́ ámpì 32, kò sì ní mọ̀ pé wáyà tín-ín-rín kan ń jóná. Wáyà tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 0.5 mm² kò gbọdọ̀ gbé ju ámpì 3 lọ, 0.75 ń gbé 6. Ó di 1.25 kó tó lè gbé 13. Wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà náà sára rọ́bà wáyà. Fíùsì 13 lórí wáyà 0.5 dà bí ọlọ́dẹ tí a fún ní oògùn oorun: rọ́bà á máa yọ́ lẹ́yìn ẹ̀rọ, láàárín eruku àti pákó gbígbẹ, nígbà tí ẹ̀yin ń sùn. Bí rọ́bà bá sì ti ń là, ẹ pààrọ̀ wáyà náà pátá.

Ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í sábà jẹ ju nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 200 lọ. Ẹ fi fóòtì 230 pín in, kò pé ámpì kan. Fíùsì 3, èyí tó pupa, ti tó. Àmọ́ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ àti tiransífọ́mà inú ẹ̀rọ náà máa ń gbé iná mì gbùù nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, fíùsì 3 sì lè já nígbà yẹn. Bí oníṣẹ́ iná bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tí kò rí àléébù, tí wáyà sì tó 0.75, ẹ lè lo 5. Bí ó bá tún já, ẹ má ṣe gun òkè mọ́. Nǹkan kan ti bàjẹ́ nínú.

Mo mọ àṣà wa: ká tú irun wáyà kan, ká wé e mọ́ fíùsì tó ti já. Pulọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yìí náà la ń lò nílé, àṣà náà sì bá wa sọdá òkun. Ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Fíùsì gidi tí wọ́n kọ BS 1362 sí lára kò wọ́n.

Ẹ̀rọ tó bá wá láti Japan, fóòtì 100 ló ń jẹ. Ti Amẹ́ríkà, 120. Tiransífọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀ ni wọ́n nílò, fíùsì ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ má sì ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, kódà bí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lójú iná: ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì lè ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni kí ẹ pè.