Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Ẹ̀kọ́ Lórí Igi Eléso ní Ilẹ̀ Ọ̀dàn Kánádà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ ọ̀dàn: ilẹ̀ tí ó tẹ́ rẹrẹ, tí koríko pọ̀ níbẹ̀ ju igi lọ. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà, ní Manitoba, Saskatchewan àti Alberta. Ṣùgbọ́n òtútù tiwọn kọjá èyí tí àwa mọ̀. Ó lè lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n 40 ní ìsàlẹ̀ òdo. Ní ìlú Saskatoon, òjò àti yìnyín ọdún kan kò ju nǹkan bíi mílímítà 350 lọ, àkókò tí ìrì dídì kì í bọ́ kò sì ju nǹkan bí oṣù mẹ́rin lọ. Báwo ni igi eléso ṣe ń yè níbẹ̀? Ohun tí a ó gbé yẹ̀ wò nìyí.

Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ṣí wá síbẹ̀ láti ìlà-oòrùn Kánádà àti láti Yúróòpù ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n gbin igi ápù tí wọ́n mọ̀ nílé. Igi náà a rúwé, a sì ga nígbà ooru. Ṣùgbọ́n nígbà tí yìnyín bá yọ́, òkú igi ni olóko ń bá. Owó ṣòfò, ọdún púpọ̀ ṣòfò, àwọn mìíràn sì gbà pé ilẹ̀ náà kò lè so èso láéláé. Bẹ́ẹ̀ àwọn Cree, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn, ti ń ká èso igbó jẹ tipẹ́tipẹ́. Wọ́n a sá èso saskatoon gbẹ, wọ́n a sì gún un pọ̀ mọ́ ẹran gbígbẹ àti ọ̀rá. Lára èso yìí ni ìlú Saskatoon ti gba orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ náà kò yàgàn. Irúgbìn tí a gbé wá ni kò bá a mu.

Kí ni ń pa igi náà? Kì í ṣe òtútù nìkan. Èkíní, igi tí ó mọ ilẹ̀ náà a máa dẹ́kun dídàgbà nígbà tí ọ̀sán bá ń kúrú. A wọ́wé, omi inú rẹ̀ a dín kù, ṣúgà inú rẹ̀ a sì pọ̀ sí i, kí òtútù ńlá tó dé. Igi àjèjì ṣì ń ta ẹ̀ka nígbà náà, òtútù a sì bá a ní ìhòòhò. Èkejì, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa omi lára ẹ̀ka, gẹ́gẹ́ bí ọyẹ́ ti ń la ètè wa, nígbà tí gbòǹgbò kò lè mu omi nínú ilẹ̀ tí ó ti dì. Ẹ̀kẹta, oòrùn ìparí ìgbà òtútù a mú èèpo igi gbóná lọ́sàn-án, òru a sì mú un dì lójijì, èèpo a sì là.

William Saunders, olùdarí àkọ́kọ́ fún àwọn oko ìwádìí ìjọba Kánádà, wá ojútùú rẹ̀ láti ìdí. Ní 1887 ó gba irúgbìn ápù Siberia láti St. Petersburg. Èso rẹ̀ kéré, ó sì kan, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ kò bẹ̀rù òtútù. Ní 1894 ó bẹ̀rẹ̀ sí í da lẹ́búlẹ́bú òdòdó ápù ńlá sí òdòdó ti Siberia. Àwọn ọmọ wọn le, ṣùgbọ́n èso wọn kéré. Nítorí náà ó tún fi ápù ńlá kún wọn. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kánjú ṣe, nítorí ọdún púpọ̀ ni a ń dúró kí igi kan tó so. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé ọ̀nà náà. Ní 1999, Yunifásítì Saskatchewan mú ṣẹ́rì kúkúrú kan jáde, Carmine Jewel, tí kò ga ju nǹkan bíi mítà 2 lọ. Ní 2007, ó mú Borealis àti Tundra jáde, tí wọ́n jẹ́ oríṣi haskap. Òdòdó haskap a máa la òtútù ìwọ̀n 7 ní ìsàlẹ̀ òdo já.

Ṣùgbọ́n irúgbìn rere nìkan kò tó. Ìtọ́jú ni ó kù:

1. Kí a kọ́kọ́ gbin odi igi tí yóò gba afẹ́fẹ́. Láti 1901 títí di 2013, ọgbà igi ìjọba ní Indian Head pín igi tí ó lé ní 600 mílíọ̀nù fún àwọn àgbẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí.

2. Kí a lọ́ ẹ̀ka ápù dídùn mọ́ gbòǹgbò ápù Siberia tàbí ti igi mìíràn tí òtútù kò lè pa.

3. Kí a má gbin igi sí kòtò, nítorí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tútù ń ṣàn lọ lóru.

4. Kí a má fi ajílẹ̀ sí i ní ìparí ìgbà ooru, kí a sì dín omi kù, kí igi lè sinmi. Nígbà tí ewé bá wọ́ tán, kí ilẹ̀ tó dì, kí a bomi rin ín dáadáa.

5. Kí a fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ ìdí rẹ̀, kí a fi ohun funfun wé ara igi nítorí oòrùn, kí a sì fi àwọ̀n irin yí i ká nítorí ehoro àti eku.

6. Kí a gbin oríṣi haskap méjì tí wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, nítorí ọ̀kan ṣoṣo kì í so dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ó di olùkọ́, ọgbà ilé-ìwé kò ní ṣàìwà níkàáwọ́ yín, ní etí òkun tàbí ní ẹ̀bá aṣálẹ̀. Kí ẹ tó ra igi tí a ń yìn ní ibòmíràn, ẹ wo ohun tí ń hù níbẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ sì bi àwọn àgbà ibẹ̀ ohun tí wọ́n ń ká jẹ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilẹ̀ ni kí a wò kí a tó gbin igi.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí nìdí tí afẹ́fẹ́ fi lè pa igi tí òtútù kò pa?

2. Èéṣe tí Saunders kò fi dúró lórí àwọn igi àkọ́kọ́ tí ó mú jáde?

3. Dárúkọ igi eléso kan tí ń hù fúnra rẹ̀ ní agbègbè rẹ, kí o sì ṣàlàyé bí ó ti ń la ìgbà líle já.