Ìnùdán àti Ìhadán: Èdè-Ìperí fún Dídán Ọ̀já Irin Ara Ọkọ̀ Àtijọ́

1.0 Ìfáárà

Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní ẹ̀bá òpópónà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Lára àwọn ọkọ̀ tí ó ti ibẹ̀ jáde ni èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ìjàpá nítorí bí ẹ̀yìn rẹ̀ ti rí. Àwọn tí ó ṣì ń tọ́jú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan ni ọjọ́ ogbó ń bá jà. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń dán lára rẹ̀ pẹ̀lú a máa ní ìlà ìha, wọn a sì máa ṣú. Ọ̀já irin ni a ó pè wọ́n níhìn-ín, nítorí pé wọ́n yí ara ọkọ̀ ká bí ọ̀já ti ń yí ìyá àti ọmọ ká. Ìbéèrè wa ni èyí: ọ̀rọ̀ wo ni kí olùkọ́ àti olùtúmọ̀ lò fún iṣẹ́ dídá dídán wọn padà, tí ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ìtọ́ni náà kò fi ní ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́?

2.0 Ohun tí pọ́líìṣì fi pamọ́

Láti ara bàtà ni ọ̀rọ̀ àyálò náà, pọ́líìṣì, ti mọ́ wa lára. Ẹni tí ó ń kun bàtà ń fi nǹkan kún un ni. Ìda inú pọ́líìṣì ni ó ń bo ojú awọ. Ti irin yàtọ̀. Ojú irin tí ó tẹ́jú a máa dá ìmọ́lẹ̀ padà sí apá kan náà, ṣùgbọ́n ìlà ìha a máa fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri. Bí a bá fẹ́ kí ìlà náà parẹ́, a kì í dí i. Ojú irin tí ó yí i ká ni a ń ha kúrò títí yóò fi bá ìsàlẹ̀ ìlà náà dọ́gba.

Nítorí náà a dábàá ọ̀rọ̀ méjì:

(i) ìnùdán: fífi aṣọ múlọ́múlọ́, omi ọṣẹ tàbí ìda nu irin, láìmú nǹkan kan kúrò lára rẹ̀;

(ii) ìhadán: fífi ohun ìha dín ojú irin kù títí yóò fi dán.

Ìhadán kì í ṣe àjòjì sí wa. Àwọn agbẹ́gilére ti ń fi ewé eèpín ṣe é lára igi kí sáńpépà tó dé. Ní ti sáńpépà, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ìha rẹ̀ ṣe ń kúnná tó: 2000 kúnná ju 400 lọ.

3.0 Awọ mẹ́ta

Kí a tó yan ọ̀rọ̀, ó yẹ kí a mọ irú awọ tí irin náà wọ̀.

3.1 Awọ àfibò. Èyí ni ti bọ́ńpà àti ìdérí wíìlì. Iná mànàmáná ni a fi ń bo irin ní níkẹ́ẹ̀lì, tí a ó sì wá fi krómíọ̀mù lé e. Krómíọ̀mù òkè yìí kì í sábà nípọn tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà kan. Ìnùdán nìkan ni ó yẹ ẹ́. Bí ìlà bá ti kan irin ìsàlẹ̀, àfi kí a tún un bò.

3.2 Awọ àmúnípọn. Èyí wọ́pọ̀ lára ọ̀já Ìjàpá, tí í ṣe alumíníọ̀mù. Inú ásíìdì ni a ti ń fi iná mànàmáná mú awọ alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ nípọn. Ó le, ṣùgbọ́n omi eérú àti kọ́sítíìkì sódà a máa jẹ ẹ́. Bí a bá ha á kúrò, alumíníọ̀mù abẹ́ rẹ̀ yóò dán gan-an, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ ṣú bí a kò bá fi ìda pa á tàbí kí a tún awọ rẹ̀ mú nípọn.

3.3 Awọ àdánidá. Èyí ni ti irin aláìdógùn-ún, tí krómíọ̀mù inú rẹ̀ kò dín ní 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá ha á, afẹ́fẹ́ yóò tún dá awọ mìíràn sí i lára. Ìhadán yẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kí a má ṣe lo kànìnkànìn onírin lásán, nítorí èérún rẹ̀ a máa há sí ojú irin, a sì máa dógùn-ún níbẹ̀.

4.0 Ìdánimọ̀

Òòfà a máa fa bọ́ńpà onírin. Kì í fa alumíníọ̀mù. Ṣùgbọ́n ó ń fa irú irin aláìdógùn-ún kan, kì í sì í fa òmíràn, nítorí náà òòfà nìkan kò tó ẹ̀rí. Kí a fi ìwúwo kún un: ìwúwo alumíníọ̀mù kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo irin lọ.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Bí olùtúmọ̀ bá kọ ọ́ pé “Fi pọ́líìṣì kun bọ́ńpà náà títí ìlà yóò fi parẹ́,” gírámà rẹ̀ kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ràn sí i lẹ́nu lè tú awọ krómíọ̀mù dànù. Ní Ọ̀jọ́, tí atẹ́gùn òkun ń gbé iyọ̀ wá, irin tí ó wà níhòòhò kì í pẹ́ dógùn-ún. “Ṣe ìnùdán bọ́ńpà, má ṣe ìhadán rẹ̀” ni ìtọ́ni tí ó péye. Èdè-ìperí tí ó dára ní láti sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe sí nǹkan, kì í ṣe bí nǹkan náà yóò ti rí lójú nìkan.