Fífi Àṣẹ Darí Ohùn Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá ń gba ohùn àgbàlagbà sílẹ̀ ní Parakou, ìbáà ṣe Yorùbá, Bàrìbá tàbí Dendi, tí ohùn náà wọlé pọ̀ jù, orí ìgbì rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyàtọ̀ o àti ọ lè dàrú, kò sì ní àtúnṣe.

Lórí Linux, ètò PulseAudio ló ń pín ohùn, tàbí PipeWire tí Fedora fi rọ́pò rẹ̀ ní 2021. Àṣẹ pactl ń bá méjèèjì ṣiṣẹ́.

1. Ẹ wo ibi tí ohùn ti ń wọlé:
pactl list short sources
Èyí tó parí sí .monitor kì í ṣe máìkì. Ohùn tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń gbé jáde ni.

2. Ẹ yan máìkì yín:
pactl set-default-source (orúkọ rẹ̀)

3. Ẹ díwọ̀n ohùn:
pactl set-source-volume @DEFAULT_SOURCE@ 60%

4. Ẹ gbà á sílẹ̀. Ctrl+C ló ń dá a dúró:
parecord --channels=1 --file-format=wav igba.wav

Ẹ kọ́kọ́ ní kí ó pe igbá, igba, ìgbà. Ẹ wò ó nínú Praat. Bí orí ìgbì bá tẹ́, ẹ dín 60 kù, kí ẹ tún un gbà.

Ẹ kọ iye náà sínú ìwé yín. Iye kan náà fún gbogbo olùsọ̀rọ̀, láìsún máìkì, ni a fi lè sọ pé ẹnì kan sọ̀rọ̀ sókè ju ẹnì kejì lọ.