Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: ÌWÉ TÓ YẸ LỌ́WỌ́ ONÍṢÒWÒ NÍ ẸNUBODÈ

Àwọn tó ń kó àdìrẹ láti Ìtòkú lọ sí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu kò kéré láàárín wa ní Adigbẹ. Owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ra ọjà náà. Bí wọ́n bá dá ẹnì kan padà ní bodè, gbèsè ò ní dúró dè é, àwọn onídùúró rẹ̀ ni yóò sì san án. Ìdí ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn.

Kí ni òfin wí? Ní 1975 ni wọ́n dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó. Ní May 29, 1979, ní Dakar, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ kejì láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn kan náà béèrè ohun méjì: ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tí ì kọjá, àti ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Pé kò sí físà kò wí pé kò sí ìwé.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣebí Yorùbá náà ni wọ́n ń sọ ní Kétu?" Òótọ́ ni. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló pààlà sáàárín wa ní 1889. Ṣùgbọ́n aṣọ́bodè kì í ka ilà ojú, ìwé ló ń kà.

Ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ gba páásì. Olójú-ewé 32 ń lo ọdún 5, olójú-ewé 64 ń lo ọdún 10. Ẹ yẹ ọjọ́ rẹ̀ wò kí ẹ tó rajà.

2. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú, kí ẹ sì gba káàdì rẹ̀. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Ẹ má ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́.

3. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí páásì ní ìhà méjèèjì bodè. Ẹni tó gba ọ̀nà igbó kò ní ẹ̀rí ọjọ́ tó wọlé, kò sì lè fi hàn pé 90 ọjọ́ òun kò tí ì pé.

4. Bí ẹ óò bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

5. Ti ènìyàn lọ́tọ̀, ti ẹrù lọ́tọ̀. Páásì kì í gba ẹrù sílẹ̀ lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, kí ẹ sì bèèrè irú ọjà tí òfin gbà kọjá.

Ẹ tún máa gbọ́ ìròyìn. Ní August 2019, ìjọba wa ti bodè ilẹ̀. Sẹ̀mẹ̀ ṣí ní December 2020, ṣùgbọ́n Ìdí-Ìrókò di April 2022. Ẹni tó ti yáwó rajà sílẹ̀ mọ bó ṣe rí lára.

Ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó mú un wá sí ìpàdé.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́