Ihò Òkété Ní Ògbàgì-Àkókó: Ìtọ́sọ́nà Fún Ẹni Tó Fẹ́ Mọ Ẹranko Ayé Àtijọ́

Ẹni tó bá ń wá egungun ẹranko ayé àtijọ́ tó ti di òkúta, kó má wulẹ̀ fọ́ àpáta Ògbàgì-Àkókó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wò. Ooru abẹ́ ilẹ̀ ló sè àpáta líle tó yí Ògbàgì, Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ká, ó sì ti wà ṣáájú kí ẹranko afọ́mọlọ́mú kankan tó dáyé. Inú ẹrẹ̀ tàbí yanrìn tó rọra bo òkú ẹranko mọ́lẹ̀ ni egungun ti ń di òkúta. Ẹnì kan lè bi wá pé, ṣebí ní ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí náà ni awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti hú egungun èèyàn ní Ihò Eléérú lọ́dún 1965? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ abẹ́ àpáta ni wọ́n ti hú u, kì í ṣe inú àpáta gan-an, egungun náà kò sì tó 20,000 ọdún.

Síbẹ̀, Ògbàgì ní ohun tó lè kọ́ wa bí a ṣe ń ka egungun. Ẹ wo Fruitafossor, ẹranko kékeré tí wọ́n rí ní Fruita, ní Colorado, Amẹ́ríkà, tí àwọn onímọ̀ Zhe-Xi Luo àti John Wible ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 2005. Ó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 ọdún. Apá rẹ̀ kúrú, ó ki pọ́pọ́. Eyín rẹ̀ rí bí òpó kéékèèké, irú èyí tó wà lẹ́nu àwọn ẹranko òde òní tó ń jẹ ikán àti èèrà. Èrò àwọn onímọ̀ ni pé ó ń gbẹ́ ilẹ̀, ó sì ń jẹ kòkòrò. Báwo la ṣe lè gbà wọ́n gbọ́? Òkété oko Ògbàgì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Òkété kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́ fún Fruitafossor, ohun tó ń jẹ náà sì yàtọ̀. Iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ́ nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Òkété ní àpò lẹ́rẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ló ń kó ẹyìn sí lọ sílé. Kò sí egungun nínú àpò yẹn. Bó bá kú, tó ku egungun, ta ni yóò mọ̀ pé àpò wà níbẹ̀ rí? Nítorí náà, egungun kì í sọ gbogbo ìtàn. Èyí kò sọ ọ̀rọ̀ Luo àti Wible di àbá lásán, torí apá àti eyín dà bí ẹlẹ́rìí méjì tí kò bára wọn sọ̀rọ̀, tí ẹnu wọn sì kò. Ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún ni kíka ìwà ẹranko ju ibi tí ẹ̀rí dé lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ fojú ara yín rí ihò òkété ní Ògbàgì, ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù fún ìrìn náà. Ìkàrẹ́ ni kí ẹ ti wọkọ̀ Ògbàgì. Ẹ kí olóko, kí ẹ sì gba àṣẹ kí ẹ tó wọ oko ẹ̀gúsí tàbí abẹ́ ọ̀pẹ kankan. Erùpẹ̀ tútù àti èèpo ẹ̀kùrọ́ lẹ́nu ihò ni àmì pé òkété ṣì ń gbébẹ̀. Ẹ wá ẹnu kejì, nítorí ihò náà kì í sábà ní ẹnu ẹyọ kan. Ẹ má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ejò a máa gba ihò tí òkété fi sílẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan eku kankan tàbí ìgbẹ́ rẹ̀, torí ibà Lassa wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Òru ni òkété ń jáde. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ jókòó sókèèrè pẹ̀lú olóko, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ sì máa wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bó bá ń padà bọ̀.