Yíyan Irú Iṣu Tí Ó Bá Ilẹ̀ Oko Yín Mu

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, owó èèbù àti owó iṣẹ́ ni ó ń kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó tí à ń ná lórí oko iṣu. Ẹni tí ó bá ra èèbù tí kò bá ilẹ̀ rẹ̀ mu kì yóò mọ̀ títí oṣù mẹ́jọ yóò fi kọjá, tí yóò wá tú ebè, tí yóò sì bá iṣu tín-ín-rín níbẹ̀. Ọdún kan ti lọ, owó sì ti lọ pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń rọ̀ yín pé kí ẹ má ṣe fi ojú ọjà nìkan yan iṣu. Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ wo bí omi ti ń fà sí nínú ilẹ̀ náà. Ní àkókò òjò, ẹ gbẹ́ ihò tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ẹ sì rọ omi kún un. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, iṣu yóò jẹrà níbẹ̀, àfi bí ẹ bá kọ ebè ńláńlá tí yóò gbé e ga kúrò lọ́wọ́ omi. Lẹ́yìn èyí, ẹ ka iye oṣù tí òjò fi ń rọ̀ ní àdúgbò yín.

Iṣu funfun tí a fi ń gún iyán, irú bí efùrù, kò fẹ́ ilẹ̀ ṣíṣá rárá. Ilẹ̀ olọ́ràá tí ó jìn, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán lẹ́yìn ìsinmi ọdún púpọ̀, ni ó fẹ́. Oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni ó ń lò nínú ilẹ̀. Ó yẹ ọ̀dàn bí ti Ṣakí, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń pẹ́, nítorí pé lẹ́yìn tí a bá wà á, ó máa ń tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó tún hù. Bí ẹ bá fi sùúrù yọ iṣu àkọ́kọ́ ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ, tí ẹ kò já gbòǹgbò rẹ̀, ìtàkùn kan náà yóò tún ta iṣu tí ẹ ó fi ṣe èèbù.

Igángán, tí inú rẹ̀ pupa rúsúrúsú, jẹ́ iṣu ilẹ̀ igbó bí ti Ondó àti Ìjẹ̀bú. Ó fẹ́ òjò gígùn, ó sì lè lò tó ọdún kan nínú ilẹ̀. Kò ṣeé tọ́jú pẹ́ lẹ́yìn wíwà, ṣùgbọ́n a lè fi í sínú ebè kí a máa wà á díẹ̀díẹ̀. Kí ará ọ̀dàn má ṣe náwó lé e lórí.

Ewùrà, tí ìtàkùn rẹ̀ ní igun mẹ́rin, ni kí ẹ gbìn sí ilẹ̀ tí agbára rẹ̀ ti dínkù. Àwọn kan ń fojú kéré rẹ̀ nítorí pé kò gún dáadáa. Èmi kò bá wọn ṣe é, nítorí pé ó ń ta púpọ̀, ó ń pẹ́ ní ìpamọ́, ìkọ́kọrẹ́ àti òjòjò kò sì ṣeé ṣe láìsí i. Ọ̀tá rẹ̀ ni àrùn tí ń sọ ewé àti ìtàkùn di dúdú nígbà òjò bí ẹni pé iná rà á. Èèbù láti inú oko tí àrùn yìí ti jà kò yẹ ní gbígbìn. Ilé ìwádìí IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, ti mú àwọn irú ewùrà tí ó lè fara da àrùn náà jáde.

Èsúrú, tí ewé rẹ̀ pín sí mẹ́ta, máa ń le bí igi láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn wíwà. Ẹni tí ọjà súnmọ́ ni kí ó gbìn ín. Ẹ má ṣe gba èèbù rẹ̀ láti inú igbó, nítorí pé èyí tí ń hù fúnra rẹ̀ lè ní májèlé.

Igi tí ìtàkùn yóò gùn kò kéré nínú ọ̀ràn yìí. Ní ilẹ̀ igbó, níbi tí ìkúùkù ti ń bo oòrùn, ọparun tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni ó dára, kí ewé lè rí ìmọ́lẹ̀. Ní ọ̀dàn, oòrùn pọ̀, igi ni ó ṣọ̀wọ́n. Pòròpórò ọkà bàbà tí ẹ fi sílẹ̀ láti ọdún tí ó kọjá tó. Ẹgbẹ́ tí ó bá gbin àgúnmániyè sí etí oko kì yóò máa gé igbó ní ọdọọdún.

Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ra èèbù pọ̀, kí wọn má ṣe ra irú kan ṣoṣo fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, nítorí pé ilẹ̀ wọn kò rí bákan náà. Kí wọn fi ọ̀bẹ bẹ díẹ̀ nínú èèbù náà wò: bí abẹ́ èèpo bá ti dúdú, tí ó sì ń sán, kòkòrò tín-ín-tìn-tín ti wọ̀ ọ́, kí wọn dá a padà. Irú tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbìn rí ní àdúgbò, ogún ebè péré ni kí ẹ fi dán an wò ní ọdún àkọ́kọ́.