Àlọ Píìkì, Àbọ̀ Píìkì: Ọ̀rọ̀ sí Ọmọ Onígìtá

Ọmọ mi, eré lo fẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa sá lórí gìtá, n kò sì ní bá ọ wí nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ Diblo Dibala, ọmọ Kóńgò tí wọ́n sọ ní “Machine Gun” torí bí ìka rẹ̀ ti yá tó, kò sí bí irú rẹ̀ kò ṣe ní wu òun náà. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ ni pé àwọn tó ń sọ fún ọ pé kí o ṣáà máa ta á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé yóò yá fúnra rẹ̀ tó bá yá, ìdajì òótọ́ ni wọ́n sọ fún ọ. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí àgbà máa já àgbà nírọ́ níwájú ọmọdé, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ìmọ̀ràn yẹn ti sọ di ahẹrẹpẹ ti pọ̀ jù.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ fẹnu kò. Nígbà tí píìkì, ohun pẹlẹbẹ tí a fi ń ta gìtá, bá gba okùn kọjá lọ sísàlẹ̀, ká pè é ní àlọ. Nígbà tó bá gba okùn padà sókè, ká pè é ní àbọ̀. Àlọ kan, àbọ̀ kan, láìfo ọ̀kankan. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ló jẹ́ pé àlọ nìkan ni wọ́n fi ń ta gìtá: wọ́n á lù ú sísàlẹ̀, wọ́n á gbé ọwọ́ padà sókè lásán, wọ́n á tún lù ú. Ìdajì ìrìn ọwọ́ wọn kò mú ohùn kankan wá. Lọ wo ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn. Bó bá ju òwú lọ sọ́tùn-ún, aṣọ gùn sí i. Bó bá jù ú padà sósì, aṣọ tún gùn sí i.

Má rò pé ọgbọ́n àwọn onírọ́ọ̀kì nìkan nìyí. Kí píìkì tó gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà ti gbé bí wọ́n ṣe ń fi ìka méjì ta gìtá káàkiri etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: àtàǹpàkò á lu okùn, ìka ìfábẹ̀là á dá a lóhùn. Ara ohun tí jùjú jogún nìyẹn. Lókè òkun náà, ní 5 December 1980, onígìtá mẹ́ta pàdé ní Warfield Theatre ní San Francisco. John McLaughlin àti Al Di Meola mú píìkì dání. Paco de Lucía, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, kò mú nǹkan kan, ìka ìfábẹ̀là àti ìka àárín ló ń pààrọ̀ ara wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Àwo tí wọ́n gbé jáde níbẹ̀ ní 1981, Friday Night in San Francisco, wà nílẹ̀. Gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni tí kò ní píìkì kò gbẹ́yìn.

Lórí okùn kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Nígbà tí Dick Dale ti Amẹ́ríkà gbé Misirlou jáde ní 1962, orí okùn tó nípọn jù lọ ló ti bẹ̀rẹ̀ orin náà, àlọ, àbọ̀, àlọ, àbọ̀, eré àsápajúdé. Ọmọ tó bá tẹra mọ́ ọn fún oṣù mélòó kan yóò ta nǹkan tó jọ ọ́. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni ibi tí o ti fẹ́ kúrò lórí okùn kan bọ́ sórí èkejì.

Ta ohùn mẹ́ta lórí okùn kẹfà, èyí tó nípọn jù lọ, mẹ́ta lórí ìkarùn-ún, mẹ́ta lórí ìkẹrin. Okùn kẹfà yóò gba àlọ, àbọ̀, àlọ. Àbọ̀ ló kàn, orí okùn karùn-ún ló sì ti yẹ kó dún. Ṣùgbọ́n àárín okùn méjèèjì ni píìkì rẹ wà báyìí. Ó di dandan kó fo okùn karùn-ún kọjá kó tó lè gbà á padà sókè. Okùn karùn-ún yóò wá gba àbọ̀, àlọ, àbọ̀. Nígbà tó bá kan ìkẹrin, òkè okùn karùn-ún ni píìkì wà, okùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lù tán gan-an ló tún ní láti fò. Ìfò méjì ni, wọn kò sì jọra. Ẹlòmíràn á ta á títí láìmọ̀ pé méjì ni wọ́n. Ọ̀kan á dán, ìkejì á máa kọsẹ̀, yóò wá ní ọwọ́ òun ló le.

Wàyí o, fi ohùn mẹ́rin rọ́pò mẹ́ta lórí okùn kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi àlọ bẹ̀rẹ̀. Àbọ̀ ni ìwọ yóò máa fi kúrò lórí okùn nígbà gbogbo. Bí o bá mú kí píìkì dẹ̀gbẹ́ díẹ̀, tó fi jẹ́ pé àbọ̀ ń gbé e jáde kúrò láàárín àwọn okùn, kò sí ohun tí yóò dí i lọ́nà mọ́. Ó ti wà lókè, okùn tó bá wù ú ló lè bọ́ sí. Troy Grady, ará Amẹ́ríkà, fi kámẹ́rà ya ọwọ́ àwọn ọ̀gá onígìtá nínú iṣẹ́ tó pè ní Cracking the Code, irú ọgbọ́n yìí ló sì tú síta. Àwọn kan to orin wọn kó lè bá ìrìn ọwọ́ wọn mu, wọn kò sì mọ̀ pé àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìkan kò tó. Bí o bá ń rọra ta á, kò sí ìrìn ọwọ́ tí kò ní ṣiṣẹ́. O lè fi ìka nìkan ti píìkì, o lè gbé gbogbo apá sókè kó o tó bọ́ sí okùn mìíràn, àyè wà fún un. Ọdún kan á kọjá, ọwọ́ rẹ á ti mọ ìrìn tí kò lè sáré láéláé mọ́ra. Nítorí náà, sáré ná, ṣùgbọ́n má pẹ́ níbẹ̀. Lu ohùn mẹ́rin wàràwàrà lórí okùn kan, balẹ̀ sórí ohùn karùn-ún, kí o dúró. Bó bá rí wúruwùru, jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Kí ló mì, ṣé ọrùn-ọwọ́ ni àbí èjìká? Tún un ṣe lọ́nà mìíràn. Ìrìn tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni kí o wá gbé lọ síbi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí o fọ̀ ọ́ mọ́ níbẹ̀.

Ra píìkì tó nípọn tó mìlímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó rọ̀ máa ń tẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ kó tó padà. Ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ni kó yọ. Má fún un mọ́wọ́ jù.

Metronome, aago tó ń ka ìlù, wà lórí fóònù rẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Fi sí 60, ìyẹn ọgọ́ta ìlù ní ìṣẹ́jú kan, ta ohùn mẹ́rin sí ìlù kan, ohùn mẹ́rin ni ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní 120, ó di mẹ́jọ. Ní 180, ó di méjìlá. Ẹni tó bá lè ta mẹ́jọ kó mọ́ tónítóní, èmi ò mọ ẹgbẹ́ olórin tí yóò lé e. Tẹ ohùn àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí ọwọ́ òsì lè mọ ibi tí yóò ti bá ọwọ́ ọ̀tún pàdé, torí lọ́pọ̀ ìgbà ìka ọwọ́ òsì ló ń pẹ́, píìkì la sì ń dá lẹ́bi. Bí wọ́n bá mú iná lọ, má tan jẹnẹrétọ̀ nítorí gìtá. Gìtá tí kò sí iná lára rẹ̀ kò ní bo àṣìṣe kankan fún ọ, ohùn gbígbóná tí ẹ fi ń ta rọ́ọ̀kì ló máa ń bò ó.

Eré nìkan kọ́ ni iṣẹ́ gìtá o. Nígbà tí Àyìndé Bákàrè, olórin jùjú, fi iná sí gìtá ní 1949, gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í gbójú ko ìlù. Tẹ́tí sí ẹgbẹ́ King Sunny Adé: gìtá pọ̀ níbẹ̀, ohun kékeré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ta, àlàfo tí ẹnìkan bá fi sílẹ̀ ni ẹnìkejì ń dí. Ẹni tó bá fi ohùn kan lé e, àyè ẹlòmíràn ló gbà. Orin náà lè gùn títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò sì gbọ́dọ̀ yẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ yẹn le ju kí èèyàn fi ìṣẹ́jú kan sáré lórí gìtá nínú fídíò fóònù lọ.

Ta á fún ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, kí o sinmi, kí o tó padà. Bí ọrùn-ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ọ́, ìyẹn kì í ṣe àmì pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa: gbé gìtá sílẹ̀, lọ jẹun. Bí ìrora náà bá ṣì wà lọ́jọ́ kejì, dókítà ni kí o lọ rí, kì í ṣe olùkọ́ gìtá.